Nígbà tí Yunifásítì Bá Wọ Ìlú

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí kan ẹni tó ní ilẹ̀, ó kan ẹni tó ń tajà, ó sì kan ẹni tó ń wá yàrá tí yóò háyà. Ó dá lórí ohun tí yunifásítì máa ń ṣe sí ìlú tí wọ́n bá gbé e sí.

Kàbà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa gba akẹ́kọ̀ọ́ lálejò. Ó ti pẹ́ tí Yunifásítì Ahmadu Bello ti Zaria ti ní ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn 2020, ìjọba Ìpínlẹ̀ Kogi dá odindi yunifásítì sílẹ̀ ní Kàbà. Ọ̀rọ̀ náà wá ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, nítorí ọdọọdún ni yunifásítì ń gba ọmọ tuntun nígbà tí àwọn ti àná kò tíì lọ.

Báwo ló ṣe ń bẹ̀rẹ̀? Akẹ́kọ̀ọ́ kì í gbé oko tàbí ilé wá. Yóò jẹun, yóò sùn, yóò sì wọ ọkọ̀. Yàrá inú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ kì í sábà tó, nítorí náà yóò jáde wá ilé sí ìgboro. Olóńjẹ ni yóò kọ́kọ́ pa àtíbàbà sí ẹnu ọ̀nà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni onílé yóò fi yàrá mẹ́ta kún ẹ̀yìnkùlé. Ọlọ́kadà yóò dé, ẹni tó ń ṣe àdàkọ ìwé yóò dé. Níkẹyìn, ẹnì kan yóò wá béèrè iye tí a ń ta oko ẹ̀bá ọ̀nà. Ìlú tó ti ń fẹ̀ láti ààfin àti ọjà yóò wá bẹ̀rẹ̀ sí í nà sí ìhà ọgbà ilé-ẹ̀kọ́.

A ti rí i níbòmíràn. Ìbàdàn gba ilé-ẹ̀kọ́ gíga rẹ̀ ní 1948. Lónìí, Agbowó tó dojú kọ ọgbà náà kún fún ilé akẹ́kọ̀ọ́ àti ìsọ̀. Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1962, ó sì kó lọ sí Ilé-Ifẹ̀ ní 1967. Ọ̀nà tó ti inú ìlú lọ sí ọgbà náà, láti Lágere dé Mayfair, di ojú òwò. Èyí tó sún mọ́ wa jù ni ti Ìlọrin, nítorí inú Ìpínlẹ̀ Kwara ni Kàbà wà títí di 1991. Wọ́n dá yunifásítì ibẹ̀ sílẹ̀ ní 1975. Nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó lọ sí ọgbà ńlá rẹ̀ ní 1982, Táńkẹ̀ tó wà lójú ọ̀nà di àdúgbò ńlá.

Èrè rẹ̀ kò kéré. Iṣu àti ẹ̀gẹ́ àgbẹ̀ Owé, Bùnú àti Ìjùmú yóò rí ẹni rà á nítòsí. Ọmọ wa yóò kàwé láìsí pé ó ń rin ìrìn àjò jíjìn. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ó ju èje lọ. Owó ilé yóò gbówó lórí fún olùkọ́ kékeré àti fún ọmọ onílùú tó ń háyà. Kànga tó tó ìdílé mẹ́wàá kò ní tó ogójì. Ẹbí tó bá ta oko rẹ̀ tán yóò ná owó náà tán, ilẹ̀ kò sì ní padà.

Ewu mìíràn tún wà. Ní 2022, ẹgbẹ́ olùkọ́ yunifásítì, ASUU, daṣẹ́ sílẹ̀ láti oṣù Kejì títí di oṣù Kẹwàá. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, ẹni tó jẹ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ nìkan ni oníbàárà rẹ̀ yóò jókòó ti ọjà rẹ̀ lásán.

Kí ni ká ṣe nígbà náà? Kí àwọn ọba, àwọn olórí ẹbí àti ìjọba ìbílẹ̀ jọ wọn ilẹ̀ kí ilé tó kún un. Kí wọ́n yọ ojú títì, ojú àgbàrá àti ibi ìdalẹ̀nù sílẹ̀, nítorí ilé tí a ti kọ́ sójú àgbàrá, ìjà ni a fi ń wó o. Kí ẹbí tó ní ilẹ̀ yá a fún ìwọ̀n ọdún kan pẹ̀lú ìwé, dípò kí ó tà á pátápátá. Kí oníṣòwò sì máa ta ohun tí ará ìlú àti akẹ́kọ̀ọ́ jọ ń rà.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Yunifásítì ti dé, a kì í sì í lé irú àlejò bẹ́ẹ̀. Bí a bá tètè tún ilé ṣe dè é, àtọmọ àtàgbà ni yóò jọ jẹ àǹfààní rẹ̀. Ó dìgbà kan ná o.