Àlìkámà Wọ́n, Eèrí Ògì Ń Bẹ Lẹ́yìnkùlé!
Ẹ̀yin ìyá ológì, ṣé ẹ mọ̀ pé eèrí tí ẹ̀ ń dà fún ewúrẹ́ yẹn, owó ni? Olú tí àwọn bàbá wa ń retí òjò kí wọ́n tó rí lára igi tó jẹrà, inú àpò ọ̀rá làwọn èèyàn ń gbìn ín sí báyìí, nínú yàrá kótópó. Kò gba oko, kò gba ọkọ́. (Olú ọ̀gán kò sí nínú èyí tí à ń wí o. Ikán ló ń gbin tiẹ̀ fúnra rẹ̀!)

Ohun tó ń wọ inú àpò náà kò pọ̀: èérún pákó láti sọ́mììlì, eèrí àlìkámà lọ́wọ́ àwọn tó ń ta oúnjẹ adìyẹ, láìmù àti omi. Bí èérún pákó gbígbẹ bá jẹ́ kíló 10, eèrí á jẹ́ kíló 1 sí 2, láìmù á jẹ́ gíráàmù 100.

Ọjọ́ tí àlìkámà bá gbówó lórí ni wàhálà dé. Kálukú á fi ohun tọ́wọ́ rẹ̀ bà rọ́pò. Wọ́n ní bí a kò bá rí àdán, à á fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n olú kì í ṣe òrìṣà tó ń gba gbogbo ẹbọ.

Pákó ni oúnjẹ rẹ̀ gan-an. Eèrí dà bí ẹran inú ọbẹ̀, òun ló ń mú un yára dàgbà. Tó bá pọ̀ jù, àpò á bu, àwọ̀ ewé á gba gbogbo ara rẹ̀, owó wọgbó nìyẹn.

Ìyá ológì kan ní Bódìjà bi ọmọ àbúrò rẹ̀ tó ń gbin olú pé, "Ṣé bó ṣe tutù yìí náà ni kí n kó o wá?"

"Rárá o, Màmá. Ẹ sá a sóòrùn kó gbẹ táútáú. Bí a bá wọ̀n ọ́n ní tútù, omi la wọ̀n yẹn."

Ọmọ náà gbọ́n. Eèrí ògì sì tún kan, nítorí náà láìmù rẹ̀ á lé díẹ̀. Ẹni tó bá rí èérún sóyà tí wọ́n ti fún òróró rẹ̀, kó ṣọ́ra: ó lágbára ju eèrí lọ dáadáa. Níbi tí èèyàn ì bá ti fi eèrí kíló kan, ìdá kan nínú mẹ́ta kíló ti tó.

Ti láìmù ló ń ṣi ọ̀pọ̀ lọ́nà. Ẹfun ọjà funfun bíi láìmù, ṣùgbọ́n amọ̀ funfun ni púpọ̀ nínú rẹ̀, kò lè pa kíkan. Èèpo ẹyin tàbí ìkarahun ìgbín tí a fọ̀, tí a sá, tí a lọ̀ kúnná bí èlùbọ́, ń ṣe iṣẹ́ náà. Eérú igi náà lè ṣe é, àmọ́ ó le, ìwọ̀nba ni.

Ẹ̀yin káfíńtà, èérún arère àti ti afárá dára, wọ́n tètè ń jẹrà. Ìrókò kì í tètè jẹrà, olú ò lè yára jẹ ẹ́. Pákó tí wọ́n ti fi oògùn ikán kùn, ẹ má dán an wò rárá, oúnjẹ ẹnu ni o! Níbi tí kò sí sọ́mììlì, ṣùkù àgbàdo tí a fọ́ wẹ́wẹ́ tàbí koríko ìrẹsì tí a gé kéékèèké ń rọ́pò pákó.

Omi ńkọ́? Bu ẹ̀kúnwọ́ kan, fún un. Kó kán tó-tó, kó má ṣàn. Lẹ́yìn náà, inú dúrọ́ọ̀mù, lórí omi tó ń hó, fún wákàtí 6 sí 8. Kó tutù pátápátá kí irúgbìn tó wọ̀ ọ́.

Ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀ ohunkóhun, àpò mẹ́ta péré ni kó kọ́kọ́ fi dán an wò, kó fi gègé kọ ohun tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan sí i lára. Bíi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, yóò rí èyí tó funfun délẹ̀.