Nígbà Tí Omi Bá Gbé Oògùn Lọ: Iṣẹ́ Àwọn Apoògùn Lásìkò Àjálù

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní òjò kò bá ẹnìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni tí eji bá rí ni eji ń pa. Bí omíyalé bá ṣẹlẹ̀ ní àdúgbò kan, bí ilẹ̀ bá mì tìtì, tàbí bí iná bá jó ilé àti ọjà, ohun tí ó kọ́kọ́ máa ń wá sí wa lọ́kàn ni oúnjẹ, aṣọ, ẹní àti omi mímu. Àwọn ẹlẹ́yinjú àánú a kó ìrẹsì àti gàrí jọ, ìjọba a sì kó àwọn ènìyàn lọ sí ilé ẹ̀kọ́ tí omi kò dé. Gbogbo èyí ni ó dára. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí a kì í sábà bi ìyá arúgbó tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé sọ̀kalẹ̀ láti inú ọkọ̀ ojú omi: "Màmá, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín ńkọ́?"

Oògùn náà wà nínú àpò kan lórí tábìlì, tábìlì sì ti bá omi lọ. Màmá mọ̀ pé hóró funfun kékeré ni, ó sì mọ̀ pé ọ̀kan ni òun máa ń lò ní òwúrọ̀. Orúkọ rẹ̀ ni kò mọ̀. Ẹni tí ó kọ́ṣẹ́ láti yanjú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni apoògùn òyìnbó, ìyẹn àwọn tí a ń bá pàdé nínú fámásì tí a sì máa ń rò pé oògùn títà nìkan ni iṣẹ́ wọn. Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe nígbà àjálù ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò lọ́sẹ̀ yìí. A ó bẹ̀rẹ̀ láti Japan, orílẹ̀-èdè tí ojú rẹ̀ ti rí tó nínú ọ̀rọ̀ àjálù.

Ọjọ́ tí òkun ya wọ ìlú

Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹta ọdún 2011, nígbà tí aago mẹ́ta ọ̀sán ku ìṣẹ́jú 14, ilẹ̀ mì lábẹ́ òkun ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn Japan. Ìwọ̀n agbára rẹ̀ tó 9.0, ọ̀kan lára àwọn tí ó lágbára jù lọ láti ìgbà tí a ti ń fi ẹ̀rọ wọn ìmìtìtì ilẹ̀. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni òkun ru, tí ó sì ya wọ àwọn ìlú etí omi ní Miyagi, Iwate àti Fukushima. Àwọn tí wọ́n kú tó nǹkan bí 16,000, àwọn bíi 2,500 sì wà tí a kò rí mọ́. Àwọn tí wọ́n sá lọ sí gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ àti àwọn ibùdó mìíràn lé ní 400,000.

Nígbà tí ilẹ̀ mì ní Kobe lọ́dún 1995, ilé ni ó wó lu àwọn ènìyàn, egungun tí ó kán àti ara tí ó fọ́ ni ó sì gba ọwọ́ àwọn dókítà. Ti ọdún 2011 yàtọ̀. Nínú 100 ènìyàn tí wọ́n kú, ó ju 90 lọ tí ó jẹ́ pé omi ni ó pa wọ́n. Ẹni tí omi kò bá gbé lọ sábà máa ń yè láìfarapa púpọ̀. Nítorí náà, àwọn tí wọ́n tò síwájú àwọn dókítà nínú ibùdó kì í ṣe àwọn tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára wọn. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ àgbàlagbà tí ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ tàbí àìsàn ọkàn ń bá fínra, tí oògùn wọn sì ti bá ilé lọ. Òtútù ń mú, ọkàn kò balẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì ń ga sí i. Ní àwọn ilé ìwòsàn kan, fáìlì aláìsàn pẹ̀lú ti bá omi lọ.

Ìwé kékeré inú àpò

Ohun tí ó yọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wọn ni ìwé pélébé kan tí wọ́n ń pè ní okusuri techo, èyí tí a lè pè ní ìwé oògùn. Ìwé náà kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Nígbàkúùgbà tí ènìyàn bá lọ gba oògùn ní fámásì, apoògùn a kọ orúkọ oògùn náà sínú rẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀, ìgbà tí a ó lò ó, ọjọ́ tí a gbà á, àti irú oògùn tí ara ẹni náà kì í gbà. Ìbànújẹ́ wà lára ohun tí ó mú kí ìwé yìí gbajúmọ̀. Ní ọdún 1993, oògùn tuntun kan tí ń jẹ́ sorivudine jáde fún ìtọ́jú èélá tí ń ta ni lára bí iná. Nígbà tí ó pàdé oògùn jẹjẹrẹ kan nínú ara àwọn tí wọ́n ń lo méjèèjì pọ̀, nǹkan bí ènìyàn 15 ni ó kú. Àwọn ará Japan wá rí i kedere pé ó yẹ kí ibì kan wà tí gbogbo oògùn tí ẹnìkan ń lò ti jọ wà lójú kan.

Ìwé tí wọ́n ṣe nítorí kí oògùn má bàa bá oògùn jà ni ó wá di olùgbàlà lọ́jọ́ àjálù. Kò pẹ́ tí ilẹ̀ mì ni ìjọba Japan fi ìwé ránṣẹ́ pé kí fámásì fún ẹni tí kò lè rí dókítà ní oògùn rẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí ìwé oògùn rẹ̀ tàbí páálí oògùn bá fi hàn pé òun ni ó ń lò tẹ́lẹ̀. Ẹni tí ìwé rẹ̀ wà lápò kò ní láti ṣàlàyé púpọ̀.

Èyí tí kò ní ìwé, àwọn apoògùn a jókòó tì í. Wọn a bi í bí hóró náà ṣe rí, àwọ̀ rẹ̀, bóyá òwúrọ̀ ni ó ń lò ó tàbí alẹ́, àti ohun tí dókítà sọ pé ó ń ṣe é. Nínú àwọn ìdáhùn yìí ni wọ́n ti ń fa orúkọ oògùn náà yọ díẹ̀díẹ̀. Bí oògùn náà gan-an kò bá sí nínú ẹrù tí ó dé, wọn a sọ fún dókítà èyí tí ó jọ ọ́ tí ó wà nílẹ̀, àti ìwọ̀n tí yóò bá ti àtijọ́ dọ́gba. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè: dókítà ni ó ń wo àìsàn, apoògùn ni ó mọ ohun tí ó wà nínú àpótí.

Láti inú ìrírí yìí ni ẹgbẹ́ àwọn apoògùn ní Miyagi ti ṣe ọkọ̀ kan tí ó jẹ́ fámásì tí ń rìn. Pẹpẹ oògùn wà nínú rẹ̀, ẹ̀rọ tí ń mú nǹkan tutù wà níbẹ̀, ó ní omi àti iná tirẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi lè ṣiṣẹ́ níbi tí kò ti sí iná mànàmáná. Àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn tẹ̀lé e. Nígbà tí ilẹ̀ mì ní Kumamoto ní oṣù Kẹrin ọdún 2016, irú àwọn ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ó wọ ibẹ̀ láti àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn.

Nígbà tí ọrẹ di ẹrù

Ìpèsè oògùn fún ẹnìkọ̀ọ̀kan jẹ́ apá kan iṣẹ́ náà. Apá kejì wà ní ibùdó ọkọ̀ òfuurufú àti nínú ilé ẹrù, níbi tí ojú aráyé kì í dé. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá ọdún 1988, ilẹ̀ mì ní Armenia. Gbogbo ayé ṣàánú wọn, oògùn àti ohun èlò ìwòsàn tí ó tó 5,000 tọ́ọ̀nù sì ya wọ ilẹ̀ náà. Ènìyàn 50 ni ó fi oṣù mẹ́fà ṣà á kí wọ́n tó mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ dáadáa. Ọjọ́ ti kọjá lórí àwọn kan, òtútù ti ba àwọn mìíràn jẹ́. Nínú èyí tí ó kù, ìdá 30 nínú 100 péré ni ó rọrùn láti mọ ohun tí ó jẹ́, nítorí pé onírúurú èdè ni wọ́n fi kọ ọ́, orúkọ tí ilé iṣẹ́ fún un nìkan ni ó sì wà lára púpọ̀ nínú wọn.

Ọ̀rọ̀ orúkọ yìí kò ṣàjèjì sí àwa náà. Ọmọ tí ó wà ní Amẹ́ríkà lè fi Tylenol ránṣẹ́ sílé, kí ìyá rẹ̀ tí ó ti lo Panadol tán rò pé oògùn mìíràn ni, kí ó sì gbé e mì lé e. Oògùn kan náà ni méjèèjì, bí ó bá sì pọ̀ jù, ẹ̀dọ̀ ni yóò san gbèsè rẹ̀. Bí ó bá lè ṣẹlẹ̀ nínú ilé tí ọkàn ti balẹ̀, ẹ wo bí yóò ti rí nínú ibùdó tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn wà.

Nítorí irú èyí ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fi gbé ìlànà kalẹ̀ lọ́dún 1996 pé oògùn tí a bá fi tọrẹ gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí àwọn tí àjálù bá béèrè fún, kí ó ṣì ní ó kéré tán ọdún kan kí ọjọ́ tó kọjá lórí rẹ̀ nígbà tí ó bá gúnlẹ̀, kí a sì kọ orúkọ oògùn náà gan-an sára rẹ̀ ní èdè tí àwọn tí yóò lò ó gbọ́. Àpótí pàjáwìrì kan tún wà tí a ti ṣètò oògùn sínú rẹ̀ ṣáájú, èyí tí ó lè tó 10,000 ènìyàn lò fún oṣù mẹ́ta.

Títọ́jú oògùn náà jẹ́ iṣẹ́ mìíràn. Ínsúlínì tí àwọn alátọ̀gbẹ ń gún gbọ́dọ̀ wà nínú ìtutù, bẹ́ẹ̀ ni iná sì máa ń kọ́kọ́ lọ nígbà àjálù. Àwọn olùwádìí ti fi hàn pé ìkòkò amọ̀ tí a ń fi omi rin lè mú kí ínsúlínì tutù ju inú yàrá lọ níbi tí kò ti sí fíríìjì. Ẹni tí ó bá dàgbà sí ẹ̀bá àmù ìyá àgbà kò ní ṣe kàyéfì nípa èyí.

Nílé wa ńkọ́?

Ní ọdún 2011 tí òkun ya wọ Japan náà ni òjò ńlá rọ̀ ní Ìbàdàn, ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ. Àwọn odò kún àkúnya, ẹ̀mí tí ó lé ní 100 sì lọ sí i. Àwọn àgbà ìlú náà kò tí ì gbàgbé ti Ògùnpa lọ́dún 1980. Ní ọdún 2022, omíyalé gba ẹ̀mí tí ó lé ní 600 káàkiri Nàìjíríà, ó sì lé èyí tí ó ju mílíọ̀nù kan ènìyàn lọ kúrò nílé. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, dáàmù Alau ya, omi sì bo Maiduguri, kódà ó wọ ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì ibẹ̀. Bí ilé ìwòsàn fúnra rẹ̀ bá wà lábẹ́ omi, fámásì tí ó wà lórí òkè ládùúgbò lè jẹ́ ibi kan ṣoṣo tí aláìsàn lè yà sí.

Lẹ́yìn omíyalé ni àrùn onígbáméjì sábà máa ń dé. Apoògùn tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ni yóò fi bí a ṣe ń po omi iyọ̀ àti ṣúgà han ìyá ọmọ, tí yóò kọ́ ọ bí a ṣe ń sọ omi di mímọ́, tí yóò sì tètè darí ẹni tí ó ti ń rẹ̀ jù sí ilé ìwòsàn. Ẹ jẹ́ kí ó yé wa pé kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó ṣí ìsọ̀ oògùn ni apoògùn. Apoògùn ti lo ọdún márùn-ún tàbí mẹ́fà ní yunifásítì kí ó tó gba ìwé àṣẹ. Kì í ṣe ìwà àfojúdi bí a bá béèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé apoògùn wà níbí?"

Ohun tí ẹ lè ṣe kí òjò tó dé

A kò ní okusuri techo, ṣùgbọ́n ìwé àti bíírò kò wọ́n. Ẹ kó oògùn gbogbo ará ilé jọ, kí ẹ sì kọ nǹkan wọ̀nyí sílẹ̀ fún ẹnìkọ̀ọ̀kan: orúkọ rẹ̀ àti ọjọ́ orí rẹ̀, àìsàn tí ó ń tọ́jú, orúkọ oògùn gan-an, kì í ṣe ti ilé iṣẹ́ nìkan, ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára páálí, bí àpẹẹrẹ amlodipine 5 mg, ìgbà tí ó ń lò ó, oògùn tí ara rẹ̀ kì í gbà, àti nọ́ńbà fóònù dókítà àti fámásì rẹ̀. Bí ìwé kíkà kò bá yé yín lára páálí, apoògùn yóò kọ ọ́ fún yín. Ẹ fi ọ̀rá wé ìwé náà, kí ẹ fi í pamọ́ pẹ̀lú àwọn ìwé pàtàkì yín. Ẹ tún ya àwòrán rẹ̀, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ọmọ tàbí àbúrò tí ó ń gbé ìlú mìíràn.

Ẹ má ṣe dúró di ìgbà tí oògùn bá ku hóró kan kí ẹ tó ra òmíràn. Àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan wà tí ẹ̀jẹ̀ máa ń ga sókè lójijì bí a bá dá wọn dúró lẹ́ẹ̀kan náà, oògùn wárápá pẹ̀lú kò ṣeé fi sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Oògùn tí omi àgbàrá bá kàn, ẹ dà á nù, bí ó ti wù kí ó wọ́n tó. Ẹ má sì ṣe yá oògùn aládùúgbò lò nítorí pé àìsàn yín jọra.

Bí ẹ bá délé àwọn òbí yín ní òpin ọ̀sẹ̀ yìí, lẹ́yìn tí ẹ bá ti kí wọn tán, ẹ ní kí wọ́n gbé àpò oògùn wá. Kò ní gbà ju wákàtí kan lọ láti kọ ọ́ tán.