Ọ̀kadà, Tòkunbọ̀ àti Napep: Bí Ọ̀rọ̀ Ẹ̀fẹ̀ Ṣe Ń Wọ Inú Èdè Gẹ̀ẹ́sì

Ìyípadà ìtumọ̀ máa ń wáyé nígbà tí àwọn elédè bá mú ọ̀rọ̀ kúrò lára ohun tí wọ́n kọ́kọ́ fi ń pè, tí wọ́n sì fi sọ nǹkan mìíràn lórúkọ. Ẹ̀fẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀; ìlò ojoojúmọ́ ni ó ń fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Orúkọ àwọn ohun ìrìnnà ní Nàìjíríà fi èyí hàn kedere.

Okada jẹ́ ìlú kan ní Ìpínlẹ̀ Edo. Nígbà tí Gabriel Igbinedion dá ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú sílẹ̀ ní ọdún 1983, ó pè é ní Okada Air. Nítorí bí alùpùpù akérò ṣe ń fò kọjá láàárín súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀, àwọn èèyàn fi orúkọ bàálù náà ṣe ẹ̀fẹ̀ pè é. Ilé-iṣẹ́ náà ti kógbá sílé. Orúkọ rẹ̀ kò kúrò lójú títì.

Ọ̀nà mìíràn ni Tòkunbọ̀ gbà. Ọmọ tí a bí sí òkè òkun ni Yorùbá ń sọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ àlòkù náà gba ojú òkun wọlé, ó bá ọmọ pín orúkọ.

Ní Bukuru, lẹ́bàá Jos, níbi tí iṣẹ́ tánganran àti ojú irin tó débẹ̀ ní ọdún 1914 ti kó onírúurú ẹ̀yà jọ, kẹ̀kẹ́ Napep ni wọ́n ń wọ̀. Kẹ̀kẹ́ ni Yorùbá àti Hausa jọ ń pe básíkùlù. Lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ National Poverty Eradication Programme, ètò ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2001 tó pín irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ni Napep. Ẹni tó ń pe Napep lónìí kò ní ìjọba lọ́kàn.

Ṣé àṣìlò Gẹ̀ẹ́sì wá ni ìwọ̀nyí? Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2020, Oxford English Dictionary kéde ọ̀rọ̀ 29 láti Nàìjíríà. Okada àti tokunbo wà lára wọn. “Bus” pàápàá, ìrù “omnibus” ni, ọ̀rọ̀ Látìn tó túmọ̀ sí “fún gbogbo ènìyàn”. Wọ́n gé orí rẹ̀ dànù, ìrù sì di ọ̀rọ̀ tí kò sí olùkọ́ tó ń fagi lé. Nítorí náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ tó pe ọ̀rọ̀ kan ní àṣìṣe, kí ó kọ́kọ́ wádìí ẹni tó ń lò ó, ibi tí wọ́n ti ń lò ó, àti bóyá ó ti yé tọ̀tún-tòsì.