Bí Òdòdó Ọ́kíìdì Bá Rẹ̀, Ẹ Má Dà Á Nù

Bí ọjọ́ ìbí bá kọjá, bí ayẹyẹ ìfẹ̀yìntì bá parí, tàbí bí àwọn abánikẹ́dùn bá ti túká, ohun kan a máa ṣẹ́ kù sórí tábìlì pálọ̀: ìkòkò ọ́kíìdì tí ẹnì kan gbé wá. Oṣù méjì sí mẹ́ta ni òdòdó rẹ̀ lè fi dúró, tí àwọn àlejò yóò máa béèrè bóyá òdòdó oníke ni. Lẹ́yìn náà, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí igi gbọọrọ kan ṣoṣo yóò fi kù láàárín ewé mẹ́rin tàbí márùn-ún. Ọjọ́ náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbé e lọ sídìí garawa ìdọ̀tí. Mo ti rí irú wọn lẹ́bàá ọ̀nà ní London níbí, ewé wọn tutù yọ̀yọ̀, kò sí ohun tó ṣe wọ́n.

Èyí tó wọ́pọ̀ jù lọ lọ́jà ni Phalaenopsis. Carl Ludwig Blume, onímọ̀ ewéko, ló sọ ọ́ lórúkọ yìí ní ọdún 1825. Inú èdè Gíríìkì ló ti fà á yọ, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ohun tó jọ àfòpiná, nítorí bí òdòdó náà ṣe na ìyẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Inú igbó olóoru ní Éṣíà, ní Philippines àti Indonesia àti àyíká wọn, ni ìran rẹ̀ ti wá, orí igi ló sì ń gbé níbẹ̀.

Ọmọ Yorùbá tó bá rí i lórí igi kò ní ṣàì pè é ní àfòmọ́. Orúkọ náà kò tọ́ sí i. Àfòmọ́ gidi a máa ti gbòǹgbò bọ inú ara igi tó gbà á lálejò, a sì máa mu oje rẹ̀. Ọ́kíìdì kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ igi ju ibi ìjókòó lọ. Òjò tó ń ṣàn lára èèpo igi ló ń mu, afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́ sí gbòǹgbò rẹ̀ tọ̀sán-tòru. A ní ìbátan rẹ̀ nílé pàápàá: Ansellia africana, olódòdó yẹ́lò tó ní àmì tóótòòtó bí ara àmọ̀tẹ́kùn, a máa hù lórí ọ̀pẹ àti àwọn igi mìíràn ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà. Ẹni tó bá rántí pé orí igi ni ilé ọ́kíìdì kò ní ṣe é bí ewéko inú ilẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan ní Peckham pàdánù ọkọ rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún kan, àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ sì gbé ọ́kíìdì funfun wá kí i. Nígbà tí oṣù kẹta fi parí, òdòdó ti rẹ̀ tán. Ó pè mí lórí fóònù.

“Àbúrò mi, òdòdó yìí náà ti kú o. N kò lè gbé e dà nù, n kò sì fẹ́ máa wò ó.”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fọwọ́ kan ewé rẹ̀. Ṣé ó le?”

Ó ní ó le.

“Gbòǹgbò inú ike rẹ̀ ńkọ́?”

Ó ní ó funfun bí eérú.

“Kò kú o. Òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́.”

Igi òdòdó ni a kọ́kọ́ ń tọ́jú. Bí ó bá ti gbẹ, a óò gé e kù sí nǹkan bí ìwọ̀n ìka kan ní ìdí. Bí ó bá ṣì tutù, ẹ ó rí i pé ó ní oríkèé bíi ti ìrèké. A lè gé e díẹ̀ sókè oríkèé kejì tàbí ìkẹta láti ìsàlẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ sí méjìlá, ẹ̀ka tuntun lè yọ níbẹ̀, kí ó tún tanná. Àmọ́ òdòdó ẹ̀ẹ̀kejì yìí kì í sábà tó ti àkọ́kọ́, agbára ewéko náà ni a sì fi ń ra á. Èmi a máa gé e dé ìdí bí ewé rẹ̀ bá kéré tàbí tí ó rọ. A kì í lé abiyamọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ lọ sóko. Kí a fi sípíríìtì nu ọ̀bẹ tàbí àlùmọ́gàjí kí a tó lò ó, nítorí àrùn a máa bá a lọ láti ara ọ́kíìdì kan dé ara èkejì, àwọn mìíràn nínú rẹ̀ kò sì ní oògùn.

Omi ló ń pa ọ́kíìdì inú ilé ju ọ̀dá lọ. Ẹ jẹ́ kí gbòǹgbò máa sọ̀rọ̀ fún yín: bí ó bá funfun bíi fàdákà, ó ń fẹ́ omi, bí ó bá tutù bí ewé, ẹ fi í sílẹ̀. Mo máa ń rẹ ìkòkò náà sínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, n óò sì jẹ́ kí ó ro tán pátápátá. Ìkòkò ẹlẹ́wà tí kò nídìí lílu ni ọ̀tá rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni omi ń fara pa mọ́ sí. Bí omi bá sì dúró sí àárín ewé, ẹ fi aṣọ fà á mu. Ohun kan wà tó ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ: ewé tó hunjọ kì í fìgbà gbogbo túmọ̀ sí òùngbẹ. Ó lè jẹ́ pé gbòǹgbò ti jẹrà, kò sì lè fa omi mọ́. Ẹni tó bá bu omi kún un nígbà náà ń sin ín ni.

Àsìkò tí òdòdó ti rẹ̀ yìí náà ló dára láti pààrọ̀ ohun tó wà nínú ìkòkò, bí ó bá ti tó ọdún méjì. Èèpo igi tí a gé wẹ́wẹ́ ni a ń lò, kì í ṣe iyẹ̀pẹ̀ ẹ̀yìnkùlé. Ẹ gé gbòǹgbò tó rọ tàbí tó ṣófo kúrò. Èyí tó yọ síta nínú afẹ́fẹ́, ẹ má fọwọ́ kàn án.

Ìmọ́lẹ̀ fèrèsé tó kọjú sí ìlà oòrùn tó o. Ewé tó dúdú jù ń wá ìmọ́lẹ̀. Èyí tó ń pọ́n ń sá fún un. Ṣùgbọ́n òtútù díẹ̀ ló ń pe òdòdó padà. Níbi tí ooru bá ti ń kọjá 28°C ní gbogbo ìgbà, ewé nìkan ni yóò máa so. Ní Britain, ojú fèrèsé ní oṣù kẹwàá ti tó. Ní Èkó, ẹ gbé e sí yàrá tí ẹ̀rọ amúlétutù ń ṣiṣẹ́ lóru fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Ní oṣù kọkànlá, ẹ̀gbọ́n mi fi àwòrán ránṣẹ́, ó ń béèrè bóyá gbòǹgbò tuntun ló yọ. Orí gbòǹgbò a máa rí róbótó; orí igi òdòdó a máa tẹ́, a sì máa ní ìlà bí ìbọ̀wọ́ ọmọ ọwọ́. Ìbọ̀wọ́ ni mo rí. Ó tanná ní oṣù kejì.

Nígbà mìíràn, ọmọ ló ń yọ ní oríkèé dípò òdòdó. Keiki ni wọ́n ń pè é, ọ̀rọ̀ àwọn ará Hawaii tó túmọ̀ sí ọmọ. Bí gbòǹgbò rẹ̀ bá ti gùn tó ìka kan, a lè gé e kúrò lára ìyá rẹ̀, kí a gbìn ín sínú ìkòkò tirẹ̀. Ọ̀kan ti yọ lára ti ẹ̀gbọ́n mi báyìí. Ó ní ti ọmọ òun tó wà ní Manchester ni, kí n má fojú sí i.