Yorùbá kan, fáìlì méjì: bí a ṣe ń ṣètò iṣẹ́ sọ́fúwíà fún Nàìjíríà àti Bẹ̀nẹ̀

Lónìí, a fẹ́ ṣàlàyé bí àwọn tó ń ṣe sọ́fúwíà ṣe ń ṣètò iṣẹ́ tó ní ọ̀pọ̀ ẹ̀ka fún ọ̀pọ̀ èdè, àti ibi tí Yorùbá tiwa ní Ṣábẹ̀ẹ́ wà nínú ètò náà.

1. Kí ló dé tí ọ̀rọ̀ fi ń wà lọ́tọ̀?

Sọ́fúwíà ńlá máa ń ní ẹ̀ka púpọ̀. Ọ̀kan ń bójú tó kàlẹ́ńdà, òmíràn ń to orúkọ, òmíràn ń fi iye owó hàn. Bí a bá kọ «Ọjọ́ Ajé» sínú ẹ̀ka kàlẹ́ńdà gan-an, ẹni tó fẹ́ «lundi» ní láti tú ẹ̀ka náà palẹ̀. Nítorí náà, gbogbo ọ̀rọ̀ ni à ń kó sínú fáìlì èdè. Ẹ̀ka kàn ń bèèrè ohun tó fẹ́ níbẹ̀ ni.

2. yo àti yo_BJ

Àpẹẹrẹ tó sún mọ́ wa jù ni CLDR, àkójọ dátà èdè tó wà lábẹ́ àjọ Unicode láti 2004. Ọ̀pọ̀ fóònù àti kọ̀ǹpútà ló ń lò ó. Fáìlì Yorùbá níbẹ̀ ń jẹ́ yo, ó sì ń tẹ̀lé àkọtọ́ Nàìjíríà. Ti Bẹ̀nẹ̀ ń jẹ́ yo_BJ. Ẹ rántí pé Bẹ̀nẹ̀ ṣe álífábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè orílẹ̀-èdè ní 1975, wọ́n sì tún un ṣe ní 1990 àti 2008. Ìdí nìyí tí «Ọjọ́ Ẹtì» fi di «Ɔjɔ́ Ɛtì», tí «Oṣù» sì di «Oshù».

Ṣùgbọ́n yo_BJ kì í tún gbogbo yo kọ. Ohun tó yàtọ̀ nìkan ló yẹ kó wà níbẹ̀. Kò sí ìdí láti kọ «Ajé» lẹ́ẹ̀mejì. Bí ẹ̀ka kan bá bèèrè ọ̀rọ̀, a kọ́kọ́ wo yo_BJ. Bí kò bá sí níbẹ̀, a lọ sí yo. Bí kò bá sí níbẹ̀ náà, a lọ sí gbòǹgbò tí gbogbo èdè jọ ní.

Àwa fúnra wa ṣi èyí ṣe rí. A da odindi fáìlì Nàìjíríà kan kọ, a yí àkọtọ́ rẹ̀ padà, inú wa sì dùn. Nígbà tí wọ́n tún ti Nàìjíríà ṣe, àṣìṣe àtijọ́ ṣì wà nínú tiwa.

3. Ohun tí ẹ̀rọ lè yí padà

Ẹ̀rọ lè sọ ẹ di ɛ, ọ di ɔ, ṣ di sh. Síbẹ̀, ẹ ṣọ́ra fún nǹkan mẹ́ta.

Èkíní, a lè fi ẹ àti àmì òkè kọ ẹ́; a tún lè fi é àti àmì ìsàlẹ̀ kọ ọ́. Ojú ò lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó ń wá ẹ nìkan yóò fo èkejì. Ẹ kọ́kọ́ sọ gbogbo rẹ̀ di irú kan.

Èkejì, Ṣ ń di Sh ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, àmọ́ SH ni bí gbogbo ọ̀rọ̀ bá jẹ́ lẹ́tà ńlá.

Ẹ̀kẹta, álífábẹ́ẹ̀tì Bẹ̀nẹ̀ ní p, ó sì ní kp. P kan ṣoṣo ni Nàìjíríà ní. Ènìyàn ló máa pinnu.

Ọ̀rọ̀ àyálò tún ń bẹ. «Bírò» tí wọ́n fi ń kọ̀wé ní Nàìjíríà lè dà bí «bureau» létí àwa tí a fi Faransé kàwé.

Títò náà ṣe pàtàkì. Bí a kò bá sọ fún ẹ̀rọ pé lẹ́tà kan ni sh, «shíbí» yóò ṣáájú «sùn». Bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn gbogbo s ló yẹ kó wà, gẹ́gẹ́ bí gb ṣe ń tẹ̀lé g.

4. Ṣábẹ̀ẹ́ ńkọ́?

Nínú ISO 639-3, èdè Ṣábẹ̀ẹ́ ní àmì tirẹ̀: cbj. Ó wuni láti fi sọ fáìlì wa lórúkọ. Ṣùgbọ́n orúkọ fáìlì ni ẹ̀rọ fi ń mọ òbí rẹ̀. Láti cbj, gbòǹgbò ló kàn, àfi bí ẹnìkan bá sọ fún un pé yo ni òbí. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí a kò tíì kọ kò ní bọ́ sí Yorùbá mọ́. Nínú ọ̀pọ̀ sọ́fúwíà ní ilẹ̀ wa, Faransé ni yóò jáde. Ìyá wa tó ń tajà lọ́jà Ṣábẹ̀ẹ́ ni yóò jìyà rẹ̀.

Ohun tí a dábàá ni pé kí a fi tiwa sí abẹ́ ti Bẹ̀nẹ̀: yo-BJ-x-sabe. Bí a bá gé e láti ẹ̀yìn, a ó kan yo-BJ, lẹ́yìn náà yo. Ogún ọ̀rọ̀ péré la lè fi bẹ̀rẹ̀, ìyókù yóò sì ṣì jẹ́ Yorùbá.

Ní àkótán, ìbéèrè bóyá èdè tàbí ẹ̀ka-èdè ni Ṣábẹ̀ẹ́ kò parí sí kíláàsì. Orúkọ tí a bá fún fáìlì ti jẹ́ ìdáhùn kan. Ẹ jẹ́ kí àwa tí à ń kọ́ ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń sọ ọ́ lórúkọ.