Olùkọ́ Tí Ń Gun Ìbaaka

Ẹ̀yin ènìyàn wa tí ẹ wà ní ìdálẹ̀, tí ẹ ń fi owó iṣẹ́ ránṣẹ́ sí àwọn àbúrò nílé, ìtàn yìí kò ní ṣàjèjì sí yín, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìpínlẹ̀ Mississippi ní gúúsù Amẹ́ríkà ni ó ti ṣẹlẹ̀.

Inú oko ẹrú ni wọ́n bí Ida Wells sí ní ìlú Holly Springs ní ọdún 1862. Ní ọdún 1878 ni ibà pọ́njú bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Bàbá kú, ìyá kú, ọmọ ọwọ́ sì bá wọn lọ. Ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ àgbà ni Ida wà. Ọkọ̀ ojú irin akẹ́rù ni ó bá padà sílé, nítorí pé èyí tí ń kó èrò kò ná ọ̀nà náà mọ́.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ bàbá rẹ̀ ti jókòó, wọ́n ti pín àwọn àbúrò rẹ̀ márààrún bí ẹni pín ẹrù: àwọn ọkùnrin méjì yóò lọ kọ́ iṣẹ́ káfíńtà, àwọn obìnrin kékeré méjì yóò lọ gbé lọ́dọ̀ olóore, Eugenia tí ó rọ lẹ́sẹ̀ yóò lọ sí ilé àwọn aláìní. Ida fárígá. Ó ní òbí àwọn ni ó ni ilé tí àwọn ń gbé. Kí wọ́n ṣáà bá òun wá iṣẹ́, òun yóò tọ́ wọn.

Ọmọ ọdún 16 ni. Ó yege nínú ìdánwò olùkọ́, ó sì fi kún gígùn aṣọ rẹ̀ kí ó lè jọ àgbà. Dọ́là 25 lóṣù ni owó iṣẹ́ rẹ̀ ní ilé-ìwé oko kan tí ó tó máìlì mẹ́fà sí ilé. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì yóò gun ìbaaka wálé, yóò fọṣọ, yóò lọ̀ ọ́, yóò sì se oúnjẹ àwọn ọmọ. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi, ó tún di orí ìbaaka. (Ẹni tí kò gun ẹranko yìí rí lè pe èyí ní eré.)

Síbẹ̀, aráyé kò dákẹ́. Nígbà tí dókítà aláwọ̀ funfun kan tí ó bá wọn tọ́jú owó bàbá wọn ń bá a sọ̀rọ̀, wọ́n ní owó ni ọmọbìnrin náà ń tọrọ lọ́wọ́ òyìnbó. Ìyá àgbà ní láti wá bá wọn gbé.

Ní oko, àwọn àgbàlagbà a máa kó ìṣòro wọn wá bá olùkọ́. Nígbà tí ó darúgbó, ó kọ ọ́ sínú ìtàn ayé rẹ̀ pé ohun tí òun kà nínú ìwé nìkan ni òun mọ̀ nípa ayé nígbà náà. Olùkọ́ mélòó ni ó lè jẹ́wọ́ bẹ́ẹ̀?

Lẹ́yìn èyí ó kó lọ sí Memphis, ó ń kọ́ àwọn ọmọ níbẹ̀ títí di ọdún 1891, nígbà tí wọn kò gbà á padà sẹ́nu iṣẹ́ mọ́. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ni pé ó kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn bí ilé-ìwé àwọn ọmọ dúdú ti bàjẹ́ tó. Òun fúnra rẹ̀ wà lára àwọn tí ó ni ìwé ìròyìn náà.