Ihò Kékeré Tí Ó Gba Ẹ̀mí Alùpùpù Là

Ẹni tí ó bá ra alùpùpù Triumph Bonneville àtijọ́, irú èyí tí wọ́n ṣe ní Meriden ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láàárín ọdún 1963 sí 1970, a máa kọ́kọ́ wo ọ́ìlì rẹ̀. Ó ṣe dáradára. Ṣùgbọ́n ibi tí ewu gbé wà kò hàn sí ojú.

Písítìnnì méjì ni ẹ̀rọ yìí ní, ọ̀pá kan sì so ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn mọ́ kíráńkì. Níbi tí ìdí ọ̀pá gbé di kíráńkì mú, irin ìbá máa ha irin bí kò bá sí ọ́ìlì láàárín wọn. Pọ́ǹpù ní ń ti ọ́ìlì náà wọ inú kíráńkì láti etí rẹ̀ ní apá ọ̀tún. Ó gba inú páìpù kan kọjá, kí ó tó yọ ní ihò tí a lu sí abẹ́ ìdí ọ̀pá kọ̀ọ̀kan.

Àsẹ́ wáyà lásán ni wọ́n fi ń sẹ́ ọ́ìlì ẹ̀rọ yìí, kò sì lè dá ìdọ̀tí wẹ́wẹ́ dúró. Bí kíráńkì ti ń yí, ìdọ̀tí a máa fò síta bí òkúta inú kànnàkànnà, a sì lẹ̀ mọ́ ara páìpù náà. Ọgbọ́n rere ni, nítorí ọ́ìlì mímọ́ ní ń dé ìdí ọ̀pá. Àmọ́ ta ni yóò kó ìdọ̀tí náà? Ọdún ń gorí ọdún, ó ń le bí ọ̀dà, títí yóò fi dí ihò.

Nígbà náà ni ohun tí a fi ń mọ agbára ọ́ìlì yóò máa tan ẹni jẹ, nítorí kí ọ́ìlì tó wọ kíráńkì ni ó ti ń wọ̀n ọ́n. Bí a bá ṣí táǹkì, a óò rí ọ́ìlì tí ń padà bọ̀, a óò sì rò pé àlàáfíà ni. Bẹ́ẹ̀ ọ̀nà àbùjá ni ó gbà. Ọ̀pá alumíníọ̀mù yìí lè ṣẹ́, kí ó sì fọ́ ẹ̀rọ jáde.

Pípààrọ̀ ọ́ìlì kò lè wẹ páìpù náà. Kí a tú ẹ̀rọ, kí a yọ kíráńkì, kí a sì ṣí ìdérí páìpù, èyí tí í máa le púpọ̀. Bóòtù kan wà tí ó wọ inú páìpù náà. Bí a kò bá kọ́kọ́ yọ ọ́, páìpù kò ní jáde, agídí yóò sì bà á jẹ́. Nígbà tí a bá ń tò ó padà, kí a má fi ìdérí ọ̀pá kan sí ara èkejì, nítorí wọn kì í bára mu. Lẹ́yìn náà, kí a fi agolo ti ọ́ìlì sí etí kíráńkì, títí yóò fi máa kán ní ìdí ọ̀pá méjèèjì, kí a tó tẹ ẹ̀rọ náà rárá.